Mo Rí I, Mi Ò Dá A Mọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Utpaladeva ti Kashmir

Bàbá wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹni tí a kò rí fún oṣù bíi mélòó kan là ń kí báyìí nílé wa, ṣùgbọ́n tiwa ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá lẹ gbé ayé, ẹ̀yin onímọ̀ tó ń sin Ṣíva, ní Kashmir ní apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà, láàárín àwọn òkè oníyìnyín, èmi sì ń kọ̀wé yìí ní Ìbàdàn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fèsì. Àmọ́ nínú ẹsẹ àkọ́kọ́ ìwé yín, èyí tí ẹ kọ lórí bí ènìyàn ṣe lè dá Olúwa mọ̀ nínú ara rẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe "jana" lóore, ìyẹn àwọn ènìyàn. Abhinavagupta, ọmọ-ẹ̀yìn ọmọ-ẹ̀yìn yín, wá ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sáyé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, pé a kò béèrè ìran tàbí ìdílé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bí èmi náà. Ẹ̀tọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn, mo sì kọ ọ́ ní gbangba kí àwọn ọmọ Yorùbá bíi tèmi lè bá wa dá sí i.

Aṣọ òkè ni mò ń tà. Ọwọ́ àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń gbà á, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bá bàbá ahunṣọ kan ṣòwò lórí fóònù láìfojú kan ara wa. Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dárúkọ iye tó máa gbà. Bí ẹ bá kó sányán mẹ́wàá jọ níwájú mi, mo lè fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá bá a ní Ìṣẹ́yìn, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó kan tí bùbá rẹ̀ ti ṣá, a jọ ń wo àwọn tó ń hunṣọ. Mo bi í pé níbo ni mo ti lè rí bàbá báyìí báyìí. Kò dáhùn, ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọdé kan tó ń ká òwú ló pariwo pé, "Mọ̀mí, àwọn náà mà nìyẹn!"

Bàbá, ojú kan náà tí mo ti ń wò láti àárọ̀ ni o. Irun kan kò kúrò lórí rẹ̀, ọ̀kan kò sì kún un. Síbẹ̀ orí mi wú, mo kígbe pé "Ẹ̀yin náà rè é!", mo sì kúnlẹ̀ sáàárín òwú tó wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa ẹ̀sìn ní yunifásítì, gbé ìtumọ̀ ìwé yín wálé. Mo ń ṣí i gààràgà bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, títí mo fi dé apá ìparí, níbi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan. Ẹ ní ó ti gbọ́ ìròyìn ọkùnrin kan, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí i lára láìrí i. Ó ń ránṣẹ́ sí i, ó ń ṣàárò rẹ̀. Ọkùnrin náà wá dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò mọ̀ pé òun ni, bí ará ọjà yòókù ló rí lójú rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ẹ ní bákan náà ni Olúwa gbogbo ayé, tí í ṣe ara wa fúnra wa, ń tàn nínú wa lójoojúmọ́ tí kò sì ṣe wá ní oore kankan, nítorí a kò dá a mọ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì Ìṣẹ́yìn ni mo ń rí.

Mo gbọ́ pé ní èdè Sáńskrítì, pratyabhijñā lẹ pè é, àti pé àwọn onímọ̀ ń ṣe wàhálà láti rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu ní èdè tiwọn. Tiwa kò ní wàhálà púpọ̀. Rírí wà, mímọ̀ wà, dídámọ̀ sì wà. "Mo rí i, mi ò dá a mọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ta kora lẹ́nu Yorùbá. Ohun tí ẹ sọ gan-an nínú ẹsẹ kẹta nìyẹn: bí a tilẹ̀ rí i, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn kò jẹ́ ká kíyè sí i. Abhinavagupta ní ìmọ̀ tó yí padà tó kọjú sí ẹni tó ni ín ni. Àpẹẹrẹ tó máa ń lò ni ti ẹni tó wo ọkùnrin kan lójú tó wá sọ pé, "Òun náà nìyí." Ẹni tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti èyí tó dúró níwájú mi, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ohun tó mú mi dúró sọ́dọ̀ yín ni pé ẹ kò ta nǹkan kan fún mi. Oníṣòwò ni mí, mo tètè máa ń mọ ẹni tó fẹ́ tajà. Ìdáǹdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wàásù rẹ̀, ohun kan ni ẹ ó gbà tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀, tàbí ibì kan ni ẹ ó dé tí ẹ kò tíì dé. Ẹ̀yin ní kò sí ohun tó kù tí a ó gbà. Ẹ tiẹ̀ ní ẹ kò lè fi ẹ̀rí gbé e kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ẹ̀rí wó o: ta ni olóye tí yóò máa jiyàn pé ẹni tó ń mọ̀, tó ń ṣe, òun fúnra rẹ̀, wà tàbí kò sí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló wà kí ẹ̀rí tó dé? Bí ẹnì kan bá dìde tó ní "èmi kò sí", àwọn ọmọ Ìbàdàn á bi í pé, ta ló wá ń sọ̀rọ̀?

Ìwé yín rìn jìnnà kó tó kàn mí. Ara èèpo igi ni wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí ní Kashmir, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Śāradā. Ní 1911 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín jáde ní Srinagar, ìlú kan ní Kashmir. Swami Lakshmanjoo, olùkọ́ ẹ̀kọ́ yín, tí wọ́n bí ní 1907, tó sì kú ní 1991, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ìlú àti àlejò ní tòsí adágún Dal. Ní 1994, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Raffaele Torella tẹ 190 ẹsẹ yín jáde pẹ̀lú àlàyé kúkurú tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sí i, ó sì túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Àlàyé gígùn yín ló dùn mí. Ó ti sọnù, wẹ́wẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Àlàyé tí Abhinavagupta ṣe lórí àlàyé náà wà lódindi o, èyí tó ń ṣàlàyé ni a kò rí! Ìwé tó fi ìrántí ja ìjà tó tóbi jù lọ nínú rẹ̀ ni ìgbàgbé wá gbé apá kan rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ìjà yẹn, torí òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí.

Nígbà ayé yín, Kashmir ní àwọn onímọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n mọ àríyànjiyàn bí ẹní mowó. Dharmakīrti, tó ti kú ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú yín, ni ọ̀gá tí wọ́n ń tẹ̀lé. Wọ́n ní kò sí "èmi" kankan tó dúró gbọin. Èrò kan ń yọ, ó ń kú, ó ń fi àpá sílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e. Àpá yẹn la fi ń rántí. Odò tó ń ṣàn ni, kò sí olódò. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwà yín ni pé ẹ kò bú wọn. Orí kejì odindi lẹ fi jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tẹnu wọn tán, ẹ sì rò ó dáadáa fún wọn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn. (Àwọn tó ń bá ara wọn jà nítorí ẹ̀sìn lórí Facebook ì bá kà á.)

Ìgbà náà lẹ tó dáhùn. Ẹ gbà pé àpá wà, pé àpá lè mú kí èrò òní jọ ti àná. Ṣùgbọ́n ẹ ní jíjọ kò tíì di ìrántí. Bí mo bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi sọ ọ́: ẹsẹ̀ fi àpá sórí iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kò rántí ẹsẹ̀. Tí mo bá rántí ọjọ́ Ìṣẹ́yìn, kì í ṣe àwòrán bẹ́ǹṣì nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé èmi tó ń rántí yìí náà ni mo jókòó síbẹ̀. Ìmọ̀ ti ọjọ́ yẹn ti kọjá lọ, ìmọ̀ tòní kò sì lè yọjú wò ó bí ẹni yọjú wo inú ìkòkò, nítorí pé ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tanná fún ara rẹ̀ ni, kì í di ohun tí ìmọ̀ mìíràn ń wò. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fúnra wọn ló sọ èyí, ẹ gba idà náà lọ́wọ́ wọn, ẹ sì fi bá wọn jà. Bí ìmọ̀ àná kò bá lè rí tòní, tí tòní kò lè rí tàná, tí àwọn méjèèjì sì pàdé nínú ìrántí, a jẹ́ pé ẹnì kan wà tí wọ́n jọ jẹ́ tirẹ̀. Lójú oníṣòwò aṣọ, ó dà bí òwú gígùn tó gba inú aṣọ já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwọ̀ ń yí, bátànì ń yí, òwú yẹn kò já.

Ẹ tún fi kún un pé ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó. Bí ìmọ̀ bá kàn ń tàn tí kò mọ̀ pé òun ń tàn, kò sàn ju òkúta dídán tó gbé àwọ̀ òdòdó sára, tí kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Prakāśa lẹ pe ìmọ́lẹ̀ náà, vimarśa sì ni ìmọ́lẹ̀ tó mọ ara rẹ̀, tó lè sọ pé "èmi". Mo lóye èyí nígbà tí mo wo fóònù mi. Kámẹ́rà rẹ̀ ti rí òde ìyàwó tó pọ̀ ju èyí tí mo lọ, kò sì jó níbì kankan.

Àwọn kan á ní Shankara, onímọ̀ Íńdíà mìíràn, ti sọ gbogbo èyí ṣáájú yín. Ó sọ èyí tó sọ. Òun ló lo ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tó la odò kọjá, tí olúkúlùkù ka àwọn yòókù tó gbàgbé ara rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ẹni kẹwàá tó bómi lọ, kí ẹnì kan tó wí fún ẹni tó ń kà á pé, "Ìwọ ni ẹni kẹwàá." Ìtàn dáadáa ni, bíi ti ìjàpá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Shankara àti àwọn tó tẹ̀lé e, bí ẹni kẹwàá bá ti mọ ara rẹ̀, ilé ayé fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Lọ́dọ̀ yín, ayé kì í ṣe ẹ̀tàn. Títàn ẹni kan ṣoṣo yẹn ni, òmìnira rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ẹ ní ẹni tó bá ti mọ̀ pé "gbogbo ọlá yìí, tèmi ni" ti di Olúwa, kódà bí èrò bá ṣì ń sáré kiri nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni ẹni tó wà nínú ìdè àti ẹni tó ti bọ́ jọ ń wò; ọ̀kan rí i bí ohun tó jìnnà sí i, èkejì rí i bí ara òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní gbèsè àti oníbàárà bíi tèmi nílò irú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè lọ gbé inú igbó.

Mo sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn mi fẹ́ sọ. Wọ́n á ní, "Orí nìyẹn, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n fara balẹ̀. Òótọ́ ni pé a ní àkúnlẹ̀yàn, pé a kúnlẹ̀ yan nǹkan lọ́run, a dáyé tán a gbàgbé. Ìgbàgbé yẹn jọ tiyín. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbàgbé yàtọ̀. Orí mi yàtọ̀ sí orí ọmọ ìyá mi, ìpín tèmi ni mo yàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ orí tèmi. Ẹni tí ẹ̀yin ní a gbàgbé, kò ní ìpín tó yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, ọ̀kan ṣoṣo ni nínú gbogbo wa. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ti bu Orí kù, ó sì ti bu tiyín náà kù.

Ibi tí ilé wa àti ilé yín ti pàdé ní tòótọ́, ibòmíràn ni mo ti rí i. Ẹsẹ kẹta náà ní bí ẹ ó ṣe mú kí ènìyàn dá ara rẹ̀ mọ̀ ni pé ẹ ó fi agbára rẹ̀ hàn án. Ẹ kò ní fún un ní agbára tuntun. Ẹ ó ka èyí tó wà lára rẹ̀ sí i létí: ìwọ lò ń mọ̀, ìwọ lò ń ṣe, ìwọ lò ń rántí. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn, Abhinavagupta ní ọ̀rọ̀ alárinà lè ṣí i lójú, tàbí àmì kan tó rí lára ọkùnrin náà. Bàbá, a mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Oríkì là ń pè é. Ẹni tó ń kì yín kò fún yín ní nǹkan kan, kò sì sọ ohun tí ẹ kò ní. Ó ń ka ohun tí ẹ ti jẹ́ ṣáájú kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, orí yín á wú, ẹ ó dìde dúró bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Èmi gbà pé oríkì ni 190 ẹsẹ yín, oríkì tí ẹ ń kì fún ẹni tó ti gbàgbé ilé tó ti wá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè bínú sí mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa bínú.

Ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí mo fẹ́ fi sùn yín. Àwọn kan ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín, wọ́n wá ń gbé e kiri: "Èmi ni Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó lè bá mi wí." Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí kọ gbèsè mi. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú nínú ìwé. Kí ẹ tó dárúkọ ìdámọ̀ rárá, ẹ ní nípa oore tí ẹnu kò lè ròyìn, ẹ ti di ìránṣẹ́ Olúwa. Ìránṣẹ́! Abhinavagupta ṣe àdàpè ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó ní ìránṣẹ́ ni ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní ohun gbogbo tó ń fẹ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo tún fi orin yín wò ó, àwọn orin ìyìn 20 tí wọ́n kó jọ, tí Kṣemarāja, ọmọ-ẹ̀yìn Abhinavagupta, ṣàlàyé. Ẹni tó ti dá ara rẹ̀ mọ̀ tán ló wá ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, tó ń ṣàárò, tó ń ní kí Olúwa má ṣe jìnnà sí òun. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ ti tún gbàgbé ni? Àbí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ló ń ṣàárò jù? Ẹ dákun, ìbéèrè gidi ni mo bi yín, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Kṣemarāja yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé àríyànjiyàn yín le, ó wá kọ ìwé kékeré onígbólóhùn 20 fún àwọn tí ọkàn wọn rọ̀, tí wọn kò ṣe làálàá ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn, tí wọ́n sì ń fẹ́ ohun tí ẹ ń sọ. Èmi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń sá sí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà bá ti sú mi.

Wàyí o, ìdí tí mo fi kọ̀wé.

Ìyá mi kò dá mi mọ̀ mọ́. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Wọ́n rí mi, ojú wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, dókítà ní ojú kò ní àìsàn kankan. Wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Oníṣu. Mi ò mọ̀ yín o, ṣùgbọ́n ẹ jókòó." Oníṣu kan ti máa ń wá sí ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé òun ni wọ́n ń rí. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á bi mí pé ṣé mo mọ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wọn, pé ó pẹ́ tó ti wá. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́.

Ṣé ẹ rí i pé ohun tí ẹ fi gba ìjà ni àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ wọn? Ìrántí lẹ fi ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan wà tó so àná pọ̀ mọ́ òní. Tí ìrántí bá wá túká, ṣé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló wá jàre? Alẹ́ kan ni mo ka orí náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, inú ń bí mi sí yín. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ìrántí jẹ́ àmì fún ẹni náà, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀; èéfín ń fi iná hàn, bí èéfín bá lọ, ìyẹn kò sọ pé iná ti kú. Ẹ ti kọ ọ́ pé "èmi" tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ mímọ́ kì í ṣe èrò tí a fi èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún kọ́ jọ. Òótọ́ sì ni pé ìyá mi kò tíì ṣi "èmi" pè rí. Orúkọ ọkọ ti lọ, orúkọ àdúgbò ti lọ, ọdún ti lọ, wọ́n ń pe ìrọ̀lẹ́ ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n "èmi ò mọ̀ yín", "ebi ń pa mí", "èmi kò fẹ́": èmi yẹn kò yẹ̀ rí.

Mo gbà fún yín. Síbẹ̀ kì í ṣe èmi tó wà nínú gbogbo ayé ni mò ń wá lójú ìyá mi. Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n pè. Bí ẹ bá ní ìdè ni ìyẹn, mo wà nínú rẹ̀, mi ò sì tíì ṣe tán láti jáde.

Nígbà tí òògùn kò ran ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ohun tí ẹ kọ ni mo gbìyànjú. Mi ò bi wọ́n mọ́ pé ta ni mí, torí ìbéèrè yẹn máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Láràárọ̀, tí mo bá ti wẹ̀ fún wọn tán, mo máa ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀, mo sì máa ń kì wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ìyá wọn ṣe ń kì wọ́n: Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mojò. Lọ́jọ́ púpọ̀, kò sí nǹkan kan tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n á máa wo fèrèsé. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yìn wọn á na, ọrùn wọn á gùn, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó wọlé àpèjẹ. Wọn kò dárúkọ mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀ gbágbágbá, ẹni tí mo mọ̀, mo sì máa ń rí i kí ó tó lọ.

Ní àárọ̀ òní, bí mo ṣe dé ìdajì, wọ́n fi ọwọ́ kàn mí lẹ́jìká, wọ́n ní kí n dúró.

"Ta lẹ̀ ń kì?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màámi."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wò mí. "Èmi kẹ̀?" Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ láti ọdún méjì, wọ́n sì ní kí n gbé ẹ̀kọ àwọn wá kí ó tó tutù.

Èmi ni tiyín, ọ̀kan nínú "jana",
Àbẹ̀kẹ́ oníṣòwò aṣọ òkè,
Ìbàdàn